Mo Mú Màmá Mi Lọ sí Ààfin Buckingham, Lẹ́yìn Náà Mo Lọ sí Ilé Ààrẹ ní Dublin

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí ẹ lè mú òbí yín lọ bí wọ́n bá wá kí yín ní London nígbà ooru, ẹ mú wọn lọ sí Ààfin Buckingham. Mo mú màmá mi lọ, inú wọn dùn ṣìnkìn, owó tí mo san kò sì dùn mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ sọ pọ̀, nítorí n kò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Àwọn tó ń mú àlejò yíká ààfin náà mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ètò tó fi ipò olórí orílẹ̀-èdè sínú ìdílé kan ṣoṣo láti ìran dé ìran, àsìkò ti tó kí wọ́n fòpin sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ní ìjọba olómìnira, kí aráàlú máa fi ìbò yan ẹni tó máa ṣojú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àbẹ̀wò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí wákàtí tí wọ́n bá kọ sí i lẹ máa wọlé. Ti àgbàlagbà kan ju 30 pọ́n-ùn lọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Royal Collection Trust tó ń mójú tó ibẹ̀ lẹ ti rà á tààrà, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di ti ọdún kan kí ẹ tó jáde, ẹ ó tún lè padà lọ láìsanwó. Ẹni tí kò bá lè gun àtẹ̀gùn, kí ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú, ọ̀nà míì wà tí wọ́n máa gbé e gbà. Wọ́n á yẹ báàgì yín wò bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wọ bàálù, wọ́n á wá fún yín ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ẹ ó fi sétí, òun ni yóò máa ṣàlàyé yàrá kọ̀ọ̀kan fún yín. Orúnkún màmá mi kò lágbára mọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kánjú lé wa lórí. Òṣìṣẹ́ kan dúró tì wọ́n títí, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń nu àwọn àtùpà dígí ràgàjì tó rọ̀ sókè, màmá mi sì ń mi orí bíi pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́la.

Yàrá 775 ló wà nínú ilé náà, 19 péré ni wọ́n ń fi han àlejò. John Nash ló sọ ọ́ di ààfin fún Ọba George Kẹrin, Victoria ló sì kọ́kọ́ fi ṣe ibùgbé ọba ní 1837. Ohun gbogbo níbẹ̀ ń kọ mànà: àtẹ̀gùn ńlá, gbọ̀ngàn àwòrán, gbọ̀ngàn ijó tí wọ́n ti ń fi oyè dá àwọn èèyàn lọ́lá. Bí ẹ bá jáde lẹ́yìn, ọgbà tó fẹ̀ tó éékà 39 lẹ máa bá, wọ́n ń ta tíì àti kéèkì níbẹ̀, àga sì wà láti jókòó. Mo mọ rírì iṣẹ́ ọwọ́. Mo mọ rírì ìmọ́tótó. Bó bá jẹ́ àbẹ̀wò nìkan ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo máa fún wọn, n kò sì ní yọ ìdajì kan níbẹ̀.

Yàrá ìtẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi. Màmá mi dúró níwájú àwọn àga ìtẹ́ náà, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ibi tó ń jókòó sí nìyí." Ọbabìnrin Elizabeth ni wọ́n ń sọ. Lọ́dún 1956 tí Ọbabìnrin wá sí Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àǹtí wọn n'Íbàdàn ni màmá mi ń gbé, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n to àwọn ọmọdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n fún wọn ní àsíá pẹlẹbẹ, oòrùn pa wọ́n títí, mọ́tò wá kọjá fìrí. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun nìkan ni màmá mi rí, wọn ò sì gbàgbé ọwọ́ yẹn títí dòní. N kò bá wọn jiyàn níbẹ̀. Ìfẹ́ tí ọmọdé ní sí àlejò tó wá láti òkèèrè, èèyàn kì í fi ẹnu já a.

Àmọ́ èmi, ìbúra tí mo ṣe ló ń pa dà wá sí mi lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú yìí. Nígbà tí mo fẹ́ di ọmọ onílẹ̀ níbí, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, àwa tí a wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀, a múra bí ẹni ń lọ sí ìgbéyàwó. Wọ́n ní ká búra pé a ó jẹ́ olóòótọ́ sí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, sí àwọn àrólé rẹ̀ àti àwọn tó máa gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀. Mo búra, nítorí láìbúra kò sí ìwé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo sọ. Mo fi ẹnu mi dè mọ́ ọmọ tí wọn kò tíì bí, tí n kò mọ ìwà rẹ̀, tí n kò mọ̀ bóyá ọlọ́gbọ́n ni tàbí òǹrorò. Ó wù mí kí n búra fún orílẹ̀-èdè yìí àti òfin rẹ̀. Ó wù mí kí n búra fún àwọn aláìsàn tí mo ń tọ́jú. Oyún inú ẹnìkan kò yẹ kó jẹ́ olórí mi kó tó di pé wọ́n bí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni ìdí tí ilẹ̀kùn ààfin náà fi ṣí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1992, iná jó Windsor Castle, ààfin ọba mìíràn. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ sọ pé owó ìlú ni wọ́n máa fi tún un ṣe. Aráàlú fárígá. Ọ̀rọ̀ ajé le nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pàdánù ilé wọn, Ọbabìnrin kì í sì í san owó orí lórí owó tó ń wọlé fún un. Igbe yẹn ló bí nǹkan méjì lọ́dún 1993: Ọbabìnrin gbà láti máa san owó orí, wọ́n sì ṣí Ààfin Buckingham fún àlejò tó máa sanwó wọlé, kí wọ́n lè rí owó tún Windsor ṣe. Àtúnṣe náà ná wọn ní mílíọ̀nù 36.5 pọ́n-ùn. Nítorí náà, nígbà tí èmi àti màmá mi ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì pupa yẹn, ohùn aráàlú ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Bí wọ́n bá ti dákẹ́ ni, ẹnu ọ̀nà irin là bá ti máa yọjú.

Owó náà kò dúró síbẹ̀. Ètò owó ìjọba tí wọ́n ń fún ọba jẹ́ mílíọ̀nù 86.3 pọ́n-ùn lọ́dún fún ọdún bíi mélòó kan, ó wá fò sí mílíọ̀nù 132 ní 2025 sí 2026. Lára ìdí rẹ̀ ni àtúnṣe Ààfin Buckingham tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tí wọ́n dá iye rẹ̀ sí mílíọ̀nù 369 fún ọdún mẹ́wàá. Wáyà àti páìpù tó ti gbó ni wọ́n ń pààrọ̀, n kò bínú sí ìyẹn, nítorí ilé gbogbogbòò gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe. Clarence House, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni Ọba Charles ń gbé. Ìwúyè rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 2023 ná ìjọba ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn, ní ọdún tí àwa nọ́ọ̀sì ti dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù.

Ẹ tún gbọ́ ti ogún. Bí èmi bá kú tí mo fi ilé mi àti owó sílẹ̀ fún ọmọ mi, tí iye rẹ̀ bá kọjá ibi tí òfin dá sí, ìjọba á gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó lé. Bí ọba bá kú tó fi ti tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í gba nǹkan kan. Àdéhùn 1993 yẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tó fún wa láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba kò kan lẹ́tà tí ọba tàbí àrólé rẹ̀ bá kọ sí àwọn mínísítà, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ àǹfààní gbogbo ìlú ni. Bí àbá òfin kan bá sì máa kan ohun ìní ọba, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilé aṣòfin tó lè parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọba jẹ́ èèyàn burúkú. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ áńgẹ́lì, ètò náà kò tọ̀nà.

Àwọn kan máa sọ pé ọba ni odi ìkẹyìn, pé bí olóòtú ìjọba bá fẹ́ ṣe àṣejù, ọba á dá a dúró. Ẹ wo 2019. Boris Johnson, olóòtú ìjọba nígbà náà, ní kí Ọbabìnrin ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí ọ̀rọ̀ Brexit, ìyẹn yíyọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, gbóná janjan. Ọbabìnrin fọwọ́ sí i, nítorí bí wọ́n ṣe tò ó, kò lẹ́nu láti sọ pé rárá. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè pé ta ló dìbò fún un. Gina Miller, oníṣòwò kan tí wọ́n bí ní Guyana, àti àwọn aṣòfin kan láti Scotland ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, adájọ́ mọ́kànlá tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fẹnu kò pé títì tí wọ́n ti ilé náà kò bófin mu. Obìnrin tó ti òkè òkun wá ló fi owó àti ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ dáàbò bo ilé aṣòfin ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tí a búra fún kò lè ṣe é.

Èyí ló jẹ́ kí n lọ sí Dublin. Ilé Ààrẹ ilẹ̀ Ireland, Áras an Uachtaráin ni wọ́n ń pè é, wà nínú Phoenix Park. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń mú àlejò wọ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ilé ìtẹ́wọ́gba àlejò tó wà nínú ọgbà náà lẹ máa lọ, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé yín lọ sílé Ààrẹ. Nǹkan bíi wákàtí kan la lò. Kò sí ẹ̀rọ etí, ẹnìkan ló ń bá wa sọ̀rọ̀, a sì ń dá a lóhùn. Ilé náà dára, ó funfun, ó ní òpó gíga níwájú, àmọ́ ojú kò ní yà yín mọ́ góòlù bíi ti London.

Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ìtàn ilé náà. Ọdún 1751 ni wọ́n kọ́ ọ, ó wá di ilé aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ireland. Ọbabìnrin Victoria pàápàá dé síbẹ̀. Ní 1938, Douglas Hyde, Ààrẹ àkọ́kọ́, kó wọ ibẹ̀. Ní 1949 ni Ireland di ìjọba olómìnira pátápátá. Wọn kò wó ilé náà. Wọn kò dáná sun àga. Wọ́n kàn yí ẹni tó ni ín padà ni. Nínú ọ̀nà àbákọjá kan, wọ́n gbẹ́ orí àwọn Ààrẹ tó ti jẹ sẹ́yìn, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀kan ọ̀mọ̀wé, ọ̀kan dókítà, ọ̀kan amòfin. Mary Robinson wọlé ní 1990, Mary McAleese ní 1997, Michael D. Higgins ní 2011, Catherine Connolly ní 2025. Ọdún méje ni sáà kan, èèyàn kan kò sì lè jẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Olóòtú ìjọba ló ń darí ìlú lójoojúmọ́, Ààrẹ kò dá sí i. Ṣùgbọ́n bí àbá òfin kan bá kọ Ààrẹ lóminú, ó lágbára láti fi ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ìwé òfin mu. Ẹnu rẹ̀ gbà á, nítorí àwọn aráàlú ló rán an.

Wọ́n sọ fún wa pé Mary Robinson tan iná kan sójú fèrèsé ilé ìdáná, pé kí ó máa tàn fún àwọn ọmọ Ireland tó wà lẹ́yìn odi. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ní ilẹ̀ òkèèrè, mo dúró, mo ronú sí i. Amòfin kan tí àwọn ará ìlú rẹ̀ dìbò fún ló ro irú èrò yẹn. Kò sẹ́ni tó bí i sórí ìtẹ́.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín, torí màmá mi ti bi mí nínú ọgbà Buckingham, a ń mu tíì lọ́wọ́. "Ìwọ ọmọ Ẹ̀gbá, o fẹ́ kí wọ́n lé ọba? Aláké ńkọ́?"

Mo ní, "Màámi, ta ló lé Aláké Adémọ́lá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí, tí wọ́n lọ jókòó sí iwájú ààfin ní Aké nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi gbogbo agbára sọ́wọ́ Aláké, wọ́n sọ ọ́ di aláṣẹ kan ṣoṣo, àwọn ìjòyè tó lè ká a lọ́wọ́ kò já mọ́ nǹkan mọ́. Àwọn obìnrin kọrin, wọ́n kọ̀wé, wọ́n kọ̀ láti sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, òpin 1950 ló tó padà wá.

Màmá mi ní, "Àwọn ìyá wa kò lé oyè lọ o. Ọba ni wọ́n lé." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì ṣe mí láǹfààní, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Oyè àwọn baba wa ní ẹnu ọ̀nà ìjáde. Àwọn afọbajẹ ló ń yàn láàárín àwọn ọmọ oyè, wọ́n á sì dá Ifá. L'Ọ́yọ̀ọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá fẹ́ tẹ ìlú rì, Ọ̀yọ́ Mèsì tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn á gbé igbá òfìfo fún un, ó sì mọ ohun tó kù fún òun láti ṣe. Nígbà tó yá, Àrẹ̀mọ kì í jọba tẹ̀lé bàbá rẹ̀ mọ́. Ṣe ni wọ́n máa ń ní kó bá bàbá kú. Nígbà tí Àtìbà yí i padà tí Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun kò gbà, ìyẹn sì wà lára ohun tó dá Ogun Ìjàyè sílẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kú nítorí oyè. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa rí ewu tó wà nínú kí ọmọ máa gba ipò bàbá láìsí ẹni tó bi í léèrè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn lé e lórí. Ní London, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìyá rẹ̀ ló ń jẹ. Kò sí afọbajẹ, kò sí ìdílé kejì, kò sí igbá.

Ẹ sì wo Nàìjíríà lónìí. Aláké wà, a ń kúnlẹ̀ fún wọn, a ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin orílẹ̀-èdè tó ń dúró de ìbuwọ́lùwé wọn. Láti 1960 tí a gba òmìnira, Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ni olórí wa títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1963, nígbà tí a di ìjọba olómìnira, tí Nnamdi Azikiwe di Ààrẹ. Ọ̀run kò ya. Ní 2021, Barbados ṣe tiwọn, Sandra Mason di Ààrẹ, Charles fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ó ń wò. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ kí ìdílé Windsor máa jẹ oyè ìṣẹ̀ṣe wọn, kí wọ́n máa wúyè, kí wọ́n máa gẹṣin, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe é. Kí wọ́n sáà yọ ipò olórí orílẹ̀-èdè kúrò nínú rẹ̀.

Ti arìnrìn-àjò tí wọ́n ní kò ní wá mọ́ bí kò bá sí ọba, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Láti 1789 ni ọba Faransé ti kúrò ní Versailles, èèyàn tó lọ wo ààfin náà ní 2023 sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Èyí tó wúwo jù ni ti àwọn tó ń sọ pé, "Ààrẹ tí a dìbò yàn lè burú." Ọmọ Nàìjíríà ni mí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ìyẹn. Bákan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú láti wà láìlọ́ba rí: wọ́n bẹ́ Ọba Charles Kìn-ín-ní lórí ní 1649, agbára bọ́ sọ́wọ́ Oliver Cromwell, ọ̀gágun kan, Cromwell kú ní 1658, ọmọ rẹ̀ Richard ló sì gba ipò náà. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi lọ pe ọba padà. Ìyẹn gan-an fi hàn pé lílé ọba nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ lé ogún jíjẹ náà kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo rí ní Dublin ni mo ń tọrọ: Ààrẹ tí agbára rẹ̀ kéré, tí sáà rẹ̀ ní òpin, tí ìwé òfin sọ bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Ààrẹ burúkú, ọdún méje ni. Ọba burúkú, ọjọ́ ikú rẹ̀ là ń dúró dè.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ: ti Buckingham, ìgbà ooru ni wọ́n máa ń ṣí i fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé torí ó máa ń tán. Ti Dublin, ẹ dé ilé ìtẹ́wọ́gba àlejò láàárọ̀, kí ẹ sì wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, nítorí wọ́n máa ń tì í bí Ààrẹ bá ní àlejò. Bí ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò nílò físà. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, bí ẹ tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú níbí, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà Ireland lọ́tọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù. Màmá mi ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iná ojú fèrèsé yẹn.